Irun Dúdú, Fèrèsé Kan: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Onífọ́tò Kan ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta

Orí obìnrin 41 tí wọ́n dirun sí ni onífọ́tò yìí yà láàárín oṣù 14. Fíìmù 14 ló lò, fọ́tò 12 ló sì gbé kọ́ ògiri níkẹyìn. Àmọ́ kó tó kan àwọn 41 yìí, ó ti kọ́kọ́ ya orí mẹ́sàn-án tí kò sí ọ̀kan tó ṣeé tẹ̀ nínú wọn. Láti ibi mẹ́sàn-án yẹn la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó bà wọ́n jẹ́ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ onífọ́tò Èkó jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kúrò nídìí fọ́tò òde, kí wọ́n bọ́ sínú fọ́tò iṣẹ́ ọnà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi ya fọ́tò òde àríyá: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà. Iṣẹ́ yẹn ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, a ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tó bá ti ya ìyàwó tó ń jó láàárín èrò tó ń náwó fún un mọ bí a ṣe ń dúró de ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi àṣà sí ènìyàn lọ́wọ́. Ojú ni onífọ́tò òde ń wá kiri, ẹ̀rín ló ń wá, ó ń fẹ́ kí ara tàn, kí ẹ̀yìn sì ṣú bàìbàì. Gèlè ló wà lórí lóde àríyá. Irun kì í sí nínú ọ̀rọ̀.

Fọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere tó rí níbi àfihàn kan ló yí i lọ́kàn padà. Ọmọ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni Ojeikere. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 2014. Lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó wá sí Èkó ní 1963 láti ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ó sì ṣí sítúdíò tirẹ̀ sí Kétu ní 1975. Ní 1968, ọdún kan lẹ́yìn tó wọ Nigerian Arts Council, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin, kò sì dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irun tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000, gbogbo rẹ̀ ní dúdú àti funfun, ọ̀pọ̀ wọn láti ìpàkọ́, láìsí ohun kan lẹ́yìn wọn tó lè gba ojú. Fondation Cartier, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, ṣe àfihàn wọn ní 2000, wọ́n sì dé Venice Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ní Ítálì, ní 2013. Orúkọ tí àwọn obìnrin ń pe irun náà ló fi sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò yẹn: Onílé Gogoro, Àbẹ̀bẹ̀, Ogun Parí. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sọ́kàn, torí òun ni onífọ́tò wa fojú fò nígbà àkọ́kọ́.

Ohun tó rí nínú fọ́tò Ojeikere ni ìrísí: ìpàkọ́, dúdú àti funfun, ẹ̀yìn tó mọ́. Ó gbà pé bí òun bá kó àwọn wọ̀nyẹn jọ, iṣẹ́ parí. Ó háyà sítúdíò kan ní Ìkẹjà fún ọjọ́ kan, ó pe ọmọbìnrin mẹ́sàn-án, ó ní kí onídìrí kan fi attachment di irun fún wọn. Ó gbé iná LED méjì tó dọ́gba kalẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì ta bébà funfun sẹ́yìn. Lẹ́ǹsì 85mm tó fi ń ya ìyàwó náà ló lò, ní f/2, láti nǹkan bíi mítà kan. (Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bó bá kéré, ojú rẹ̀ ṣí gbayawu; bó bá pọ̀, ojú rẹ̀ há.)

Nígbà tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, irun ti di òkìtì dúdú kan ṣoṣo, bí ẹni tó da aṣọ dúdú bo orí.

Ìdí rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Lẹ́ǹsì 85mm ní f/2, láti mítà kan, kì í mú ohun tó jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ mọ́ kedere. Orí ènìyàn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìpàkọ́ mọ́, àtàrí di bàìbàì. Lẹ́yìn náà, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ló gbára lé. Iṣẹ́ mítà yẹn ni láti sọ gbogbo ohun tó bá rí di àwọ̀ eérú àárín méjì. Bébà funfun ló kún ojú kámẹ́rà, mítà sì rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, irun ló san gbèsè rẹ̀.

Ti iná méjì yẹn ló burú jù. Irun dúdú máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á mì. Ohun tí ojú wa ń rí lára rẹ̀ ni dídán: ìmọ́lẹ̀ tó kọlu ẹ̀gbẹ́ ìdì, tó sì ta padà sọ́dọ̀ wa bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta lára ògiri. Igun tó bá bá wọlé ni yóò bá jáde. Bí iná bá wà níbi tí dídán rẹ̀ ò ti lè ta sínú lẹ́ǹsì, wọn ì báà tan iná mẹ́wàá síbẹ̀, òkùnkùn ni kámẹ́rà máa rí. Bí iná méjì tó dọ́gba bá sì dojú kọ ara wọn, èkíní á pa òjìji tí èkejì ṣe rẹ́, bẹ́ẹ̀ òjìji yẹn ló ń fi hàn pé ìdì yìí ga, pé ìlà tó pín wọn lọ sísàlẹ̀. Ó gbìyànjú láti fi Photoshop gbé òkùnkùn náà sókè. Eérú ló jáde, torí kò sí nǹkan kan tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe. Èyí tó dùn ún jù ni pé nígbà tó fẹ́ kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kò mọ orúkọ irun kan. Àwọn ọmọbìnrin náà ò mọ̀ ọ́n. Fọ́tò ló lọ wò, kò wo irun.

Ọjọ́rú mẹ́fà ló fi lọ jókòó lọ́jà Ojúwòyè ní Muṣin, lábẹ́ àgboòrùn ìyá onídìrí kan, kò mú kámẹ́rà dání. Ó ń bá wọn di òwú mú, ó ń na òòyà sí wọn, ó ń béèrè. Lójú tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ̀kọ́ tó kó bọ̀ níbẹ̀ ni pé orúkọ irun ló ń sọ ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí.

Kọ̀lẹ́sẹ̀ máa ń ti iwájú wá, ó ń parí sí ìpàkọ́. Ẹ̀yìn ni kí a ti yà á, kí kámẹ́rà sì rẹlẹ̀ díẹ̀, kí a lè rí ibi tí ìdì ti tán. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀: láti ìpàkọ́ ló ti gbéra lọ síwájú. Ẹni tó bá ya á láti ẹ̀yìn nìkan ti ya ìbẹ̀rẹ̀ láìya òpin. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ ẹ́. Pàtẹ́wọ́ ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé láàárín, bí ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́ lóòótọ́. Ìlà àárín yẹn gbọ́dọ̀ wà ní àárín fọ́tò gan-an, bó bá yẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan, ojú á rí i. Ṣùkú ń gun òkè látọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí náà kámẹ́rà náà á gòkè bá a, kó wò ó látòkè díẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án tó kọ́kọ́ yà, ibì kan náà ni kámẹ́rà dúró sí fún gbogbo wọn.

Ó tún mọ̀ nípa òwú. Òwú rọ́bà ń dán, ó sì ń gbé ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lára irun kíkó bí ìlẹ̀kẹ̀. Òwú lásán ò dán, ó ń mu ìmọ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá wà lórí ẹnì kan, ti rọ́bà nìkan lojú á máa rí. Ó sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a ya irun lọ́jọ́ tí wọ́n dì í: ó ṣì ń dun ẹni tí wọ́n dì í fún, ọrùn rẹ̀ le, òróró tutù sì ń kọ mọ̀nà lójú ìlà orí. Lọ́jọ́ kejì, bí ó bá fi síkáàfù wé e sùn, irun ti balẹ̀, ara rẹ̀ náà ti balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé gbà á ní àkókò díẹ̀. Ó pinnu láti fi iná NEPA àti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, kó lo ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nínú yàrá kan nílé àtijọ́ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta. Ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó máa ń sọ pé fèrèsé tó kọjú sí àríwá ló dára jù, torí oòrùn kì í wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, níbẹ̀. Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 6½ péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá lórí wa. Fèrèsé àríwá rẹ̀ gba oòrùn tààrà ní oṣù kẹfà, ìlà iná sì là kọjá lórí obìnrin tó jókòó. Fíìmù kan ló bá a lọ.

Fèrèsé ìlà-oòrùn ló padà lò, láti aago kan ọ̀sán sí aago mẹ́rin. Nígbà yẹn, oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn, kò lè wọ fèrèsé náà láé, àsìkò yòówù kó jẹ́. Ogiri ilé kejì tó kọjú sí fèrèsé náà ni oòrùn ń bà ní wákàtí yẹn, ogiri ọ̀hún sì di fìtílà ńlá tó rọra ń tan ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ yáàdì mẹ́ta tó rà ní Balógun sójú fèrèsé. Ewu kan tó kù ni ìkúùkù: bó bá bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ogiri á já wálẹ̀ lójijì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ kó tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Àga wà ní mítà kan ààbọ̀ sí fèrèsé. Obìnrin tó jókòó kì í wà ní iwájú fèrèsé gan-an. A sún un sẹ́yìn díẹ̀ sọ́dọ̀ kámẹ́rà, kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ́ lórí irun kó tó dé ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì. Bí a ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìdì kọ̀ọ̀kan á ní ẹ̀gbẹ́ tó dán àti ẹ̀gbẹ́ tó ṣú. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, pátákó fóòmù funfun kan dúró, kó lè dá díẹ̀ padà. Bí kò bá sí i, ìdajì orí á sọnù sínú òkùnkùn. Aṣọ tó wà lẹ́yìn jẹ́ àwọ̀ eérú tí kò dán, ó jìnnà sí orí ní mítà kan ààbọ̀. Funfun ò dára fún irun dúdú: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ etí irun wẹ́wẹ́, àwọn fọ́nrán tó yọ á sì pòórá.

Kámẹ́rà tó lò jẹ́ elójú méjì, ti fíìmù 120, tó ń ya fọ́tò onígun mẹ́rin dọ́gba, 12 lórí fíìmù kan, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 80mm. Kámẹ́rà dìjítà tó ní ì bá ṣe é dáadáa. Fíìmù ò sọ fọ́tò kankan di iṣẹ́ ọnà. Àmọ́ ẹni tó ti ń ya 3,000 lọ́jọ́ kan nílé ìgbéyàwó nílò ohun tó máa mú un kà, 12 sì ń mú ènìyàn kà. Mẹ́rin fún orí kan, orí mẹ́ta fún fíìmù kan.

Irú kámẹ́rà yìí ní wàhálà kan tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra tòkunbọ̀ rẹ̀. Lẹ́ǹsì òkè la fi ń wò, ti ìsàlẹ̀ ló ń yà. Bí ohun tí à ń yà bá jìnnà, kò sí wàhálà. Bó bá wà ní mítà kan, èyí tó wà lókè pátápátá lójú ìwò kò ní wọ fíìmù. Irun tó ga méjì ló gé lórí báyìí. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kí a tò ó tán, kí a sì wọn ìwọ̀n tó wà láàárín àárín lẹ́ǹsì méjèèjì, tó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, kí a wá gbé kámẹ́rà sókè níwọ̀n yẹn lórí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e dúró, kí a tó yà á.

Fún ìmọ́lẹ̀, ó gbé mítà ìmọ́lẹ̀ sún mọ́ irun gan-an, ó ka ohun tó sọ, ó sì fi sítọ́ọ̀pù méjì dín in (sítọ́ọ̀pù kan ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì). Bí mítà bá ní f/5.6 ní 1/15 ìṣẹ́jú àáyá, yóò lo f/11 ní 1/15. Mítà fẹ́ sọ irun di eérú; ìdínkù méjì yẹn ló dá a padà sí dúdú tó ṣì ní ìlà nínú. Ní f/11, láti mítà kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 ló máa mọ́, èyí tó tó orí kan.

Níbi orí kẹtàdínlógún ni iṣẹ́ ti yí padà. Ìyá onídìrí ọjọ́ yẹn rí òwú kan tó fẹ́ tú, ó na ọwọ́ láti tún un ṣe ní àsìkò tí kámẹ́rà ṣí. 1/15 kò yára tó láti dá ọwọ́ tó ń rìn dúró. Orí mọ́ kedere, ọwọ́ di òjìji tó ń fò. Ó kọ́kọ́ kà á mọ́ èyí tó bàjẹ́, ó fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan ni kò jọ ti Ojeikere. Irun tó ti parí ni Ojeikere yà, ó sì yà á débi tí kò sí ẹni tó lè yà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó dì í kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ yẹn gan-an ni onífọ́tò wa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wò ní Ojúwòyè, kò mọ̀ pé òun ló ń wá.

Láti orí kejìdínlógún, ó ní kí onídìrí fi òwú kan ṣoṣo sílẹ̀ láìkó tán, kó wá kó o lọ́jọ́ kejì níwájú kámẹ́rà. Ó dán àkókò wò: ní 1/30, ọwọ́ dúró bí ère, ní 1/4, ó di èéfín, a ò mọ̀ pé ọwọ́ ni. 1/8 ló tọ́, ìka ṣì hàn, òwú sì ti di ìlà funfun kan. Ìyẹn mú kó lo f/16 kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lè bára mu. Orí kò gbọ́dọ̀ mì rárá, nítorí náà ẹni tó jókòó yóò kọjú sí ẹ̀yìn àga, yóò fi iwájú orí ti ìrọ̀rí tí wọ́n so mọ́ ọn, bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń fi orí lé itan ìyá wọn.

Fífọ fíìmù ní Èkó ń fẹ́ sùúrù. HP5 Plus, fíìmù tó lò, nínú oògùn ID-11 tí a kò bomi là ń gba ìṣẹ́jú 7½ ní dígírì 20. Omi ẹ̀rọ tiwa sábà máa ń sún mọ́ dígírì 28 tàbí 29. Bó bá gbóná, àkókò á kúrú, bó bá sì kéré sí ìṣẹ́jú 5, oògùn kì í bá gbogbo ojú fíìmù dọ́gba, ìlà á sì hàn lára ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú. Ó gbé ìgò oògùn gbogbo sínú bàsíà omi lítà 10, ó sì ju píọ̀ wọ́tà méjì tó ti di yìnyín sí i láìtú ọ̀rá wọn. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ tán, omi á ti sún mọ́ 20. Ẹ̀kẹta wà nítòsí bí yàrá bá gbóná jù. Fíìmù 120 kan ń gba oògùn mílílítà 500 nínú táńkì. Ó ń dà á sókè sódò fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Omi tó fi ń ṣan án náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ 20: níbi fíìmù kẹta, ó gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tààrà, ojú fíìmù rọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ha á. Ìṣanù ìkẹyìn, omi bátìrì ni, torí omi kànga ẹ̀rọ máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ bó bá gbẹ. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á rí i dájú pé omi ni wọ́n fún òun, kì í ṣe ásíìdì.

Yíyàn gba oṣù méjì. Ó yọ mẹ́rin tó dára gidigidi nítorí pé wọ́n jọ ti Ojeikere jù. Nínú 12 tó kù, mẹ́jọ ní ọwọ́.

Ó skáànì fíìmù ní 2,400 dpi (ojú àmì 2,400 nínú ínṣì kan), èyí tó gbà á láyè láti tẹ̀ ẹ́ dé sẹ̀ǹtímítà 45 láìfọ́. Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ ìwé àti báńà jù ní Èkó, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bébà dídán àti ínkì báńà kò yẹ dúdú rẹ̀: dúdú náà di búlúù lábẹ́ iná. Bébà òwú 310 gíráàmù àti ínkì pigment ló lò níkẹyìn. Márùn-ún ni wọ́n tẹ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú méjì ti onífọ́tò fúnra rẹ̀. Mẹ́ta ló bàjẹ́ nínú férémù àkọ́kọ́: ẹni tó ṣe é fi gíláàsì lé bébà lójú tààrà, òjò oṣù kẹfà mú ọ̀rinrin wá, ínkì sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Àlàfo mílímítà 4 láàárín méjèèjì ti tó láti dènà rẹ̀. Férémù náà tún ní páálí lásán lẹ́yìn. Èyí tí kò ní ásíìdì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, torí páálí lásán máa ń sọ etí bébà di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Obìnrin kọ̀ọ̀kan tó jókòó gba owó ọjọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì gba fọ́tò tirẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan lójú ògiri, orúkọ irun ló wà, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó dì í. Ọ̀kan péré ni kò ní orúkọ irun. Ọ̀dọ́mọbìnrin onídìrí kan ló dá a fúnra rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ bíi kọ̀lẹ́sẹ̀, ó yí ká etí, ó sì padà gòkè. Wọ́n bi í pé kí ni kí wọ́n pè é. Ó ní òun ò tíì lè sọ, kí oníbàárà kan kọ́kọ́ wá sọ́jà ná, kó ní kí wọ́n di irú rẹ̀ fóun, ohun tí oníbàárà yẹn bá pè é ni kí wọ́n kọ. Pẹ́ńsùlù wà lára èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì fọ́tò yẹn, orí ìlà àkọ́kọ́ ṣì ṣófo.